Ojú Mi Wà Lórí Bọ́tìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, bí ó bá jẹ́ ìtàn ọkọ tó dalẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ lẹ ń wá, ẹ ṣí ojú ewé mìíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú tèmi. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, àti ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ń lọ, àti ẹnu mi tí n kò lè pa mọ́.

Mo ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní yàrá ìtaipù ilé ìwòsàn ńlá kan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìka méjì ni mo fi ń taipù, ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún àti ti òsì. Mo sì yára. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má baà pè mí ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ojú mi kì í kúrò lórí bọ́tìnnì. Bí mo bá gbé ojú sókè pẹ́nrẹ́n, mo ti sọnù nìyẹn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọrùn máa ń dùn mí bí ẹni tó ru igi.

Ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ náà ni ìyá kan tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Òjò. Láyé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó bá ń tẹ̀wé, ńṣe ló ń dún bí òjò lórí páànù. Gbogbo ìka rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Kì í wo bọ́tìnnì rárá. Ó lè máa bèèrè àlàáfíà ọmọ rẹ lọ́wọ́ rẹ, kí ó kọjú sí fèrèsé, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìwádìí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́, èèyàn mẹ́ta á jókòó gbọ́ ọ, akọ̀wé á sì máa tẹ ohun tí oníkálukú ń sọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Nítorí àṣírí àwọn aláìsàn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohùn sílẹ̀ ní yàrá yẹn. Ìgbìmọ̀ kì í dá ẹjọ́. Ìwé tí akọ̀wé tẹ̀ ló ń gòkè lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àgbà, tí kò sí níbẹ̀, tí kò rí ojú ẹnikẹ́ni, tó sì ń ti inú ìwé náà pinnu bóyá kí èèyàn dúró sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kó máa lọ sílé.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní yàrá tirẹ̀. Yàrá náà ní fèrèsé méjì, orúkọ ipò rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn. Àwa yòókù ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wa nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń rùn fún yíǹkì. Yàrá yẹn wọ̀ mí lójú. N kò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé iṣẹ́, Ìyá Òjò pè mí jókòó, ó fi tówẹ̀lì kékeré bo ọwọ́ mi lórí kíbọ́ọ̀dù.

"Fi ìka wá a," ó ní. "Ìlà tín-ín-rín kan yọ sókè lórí F, òmíràn wà lórí J. Ṣé o ti rí i? Ilé ìka rẹ nìyẹn. Ibi yòówù kí wọ́n lọ, kí wọ́n máa padà wálé."

Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìka ọmọńdinrín ń ro mí, mo sì ń wọ́ bí ìgbín. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní, "Màmá, iṣẹ́ ti ga lórí tábìlì mi. Ìka méjì yìí náà ti tó mi jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó tó ọ jẹun, lóòótọ́. Ọjọ́ tí wàá ní láti wo ojú èèyàn ni mò ń rò."

Mo gba tówẹ̀lì náà, mo ká a, mo dá a padà fún un.

*

Ife omi ló tú àṣírí ojú rẹ̀ fún mi. Apá òsì tábìlì ló máa ń gbé e sí. Lọ́jọ́ kan, mo ń nu tábìlì rẹ̀, mo sì gbé e sí apá ọ̀tún. Ó na ọwọ́ sí òsì, kò bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá a káàkiri tábìlì díẹ̀díẹ̀, ife náà sì wà níwájú rẹ̀ gbangba.

N kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ kejì, mo hu ìwà tí ojú ń tì mí láti sọ títí dòní. Mo fún un ní ìwé kan, mo dorí rẹ̀ kodò.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó, ṣé kò sí àṣìṣe?"

Ó gbé ìwé tó dorí kodò náà sókè, ó mú un súnmọ́ ojú, ó mi orí. "Ó dáa. Ó mọ́ tónítóní."

Mo ti ilẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ tì í. "Màmá, ìwé yẹn dorí kodò."

Ó rọra fi ìwé náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ó ti ń lọ bí ọdún kan ààbọ̀. Òjìji ni mò ń rí báyìí. Wọ́n ní kò ní padà."

"Báwo lẹ wá ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ojú ṣe lórí kíbọ́ọ̀dù? Ọwọ́ mi mọ ilé. Etí mi ni mo fi ń gba ọ̀rọ̀." Ó wá ọwọ́ mi, ó rí i, ó dì í mú. "Oṣù méje péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde bí èèyàn. Mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún ẹnì kankan."

Mo ní, "Màmá, ẹnì kankan kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Mo fi ọmọ mi búra pẹ̀lú.

Láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni mò ń ka ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́ o, n kì í rí ju àṣìṣe kan tàbí méjì lọ lójú ewé mẹ́wàá. Nígbà náà ni mo tó mọ ìdí tó fi máa ń sọ fún àwọn ẹlẹ́rìí pé, "Ẹ fi ẹnu sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi orí sọ ọ́." Ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láì jẹ́ pé a kà á sí i létí látòkè délẹ̀. Ti kíkà yẹn, lójú tèmi, àgbà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

*

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Alákòóso ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pè mí. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. Èèyàn gbígbẹ ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ìyá Òjò ń lọ lóṣù kẹfà sí i," ó ní. "Kò sí ẹni tó ní irú ọwọ́ rẹ̀ nínú yín. Mò ń rò ó pé kí n mú ẹlòmíràn wá láti ìta."

Láti ìta kẹ̀? Èmi tí mo ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gbún èèyàn fún ọdún mẹ́sàn-án?

"Sà, èmi náà lè ṣe é."

"O lè taipù kí o máa wo iwájú?"

"Mo lè ṣe é, sà." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ó mi orí. "A ó rí i nígbà tí oṣù mẹ́fà bá pé."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ká ní mo jáde ni! Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà gùn lójú mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹni ìta yẹn lè dé kí oṣù mẹ́fà tó pé. Mo yíjú padà.

"Sà, kí ló dé tí ẹ ń dúró di oṣù mẹ́fà? Màmá kò ríran mọ́."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde, ó dà bíi kí n fi ọwọ́ kó o padà. Alákòóso sọ bírò rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí lo wí?"

Mo tún un sọ. Mo tilẹ̀ sọ ti ìwé tó dorí kodò. Mo ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ń dùn. "Nítorí iṣẹ́ ni, sà. Kí wàhálà má baà ṣẹlẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ yàrá Ìyá Òjò, ó pe àwa ataipù láti wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó na ìwé kan sí i. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ fún mi."

Ìyá Òjò gba ìwé náà. Ó mú un lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbé e súnmọ́ ojú. Ó rọra fi lé orí tábìlì, ó tọ́ ọ kí etí rẹ̀ lè bá etí tábìlì mu.

"N kò lè kà á, sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi, màá tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó mí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alákòóso ní òfin ni òfin, kí màmá máa lọ sílé.

Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, mo yẹ̀ fún un lọ́nà, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ìwọ nìyẹn. Mo mọ ìró bàtà rẹ." Mo ń dúró kó ṣẹ́ èpè. Ó ní, "Bí wọ́n bá gbé ọ síbẹ̀, gbé ojú rẹ kúrò lórí bọ́tìnnì o. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kó wọ yàrá onífèrèsé méjì.

*

Ẹ wá wo bí mo ṣe ń jẹ ayé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ wọn ń ya lù mí láti ọ̀tún àti òsì. Kí n tó parí gbólóhùn kan, wọ́n ti sọ mẹ́ta. Orí mi wà nílẹ̀, mò ń ṣa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. N kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àfi bí mo bá dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo fi ọgbọ́n orí dí i. Ibi tí n kò bá ti gbọ́, màá kọ ohun tó yẹ kí ẹni náà sọ. Ó sì bọ́ sí i. Wọ́n ń fọwọ́ sí i, ó ń gòkè lọ. N kì í kà á sí ẹnikẹ́ni létí bí Ìyá Òjò ti ń ṣe, nítorí pé wọ́n á gbọ́ ihò tó wà nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi á ní, "Akọ̀wé ńlá, kí ló dé tí ò ń mí kanlẹ̀ báyìí?" Màá ní ọrùn ló ń dùn mí. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹ̀mí mi sọ fún mi pé kí n lọ kọ́ ọ. Mo tilẹ̀ fi tówẹ̀lì bo ọwọ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi? Ẹni tí mo lè bi ni mo ti tà.

Ẹjọ́ dírẹ́bà ló tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ti wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn fún ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ̀ jáde lọ ṣe nǹkan tirẹ̀ nígbà tí aláìsàn ń dúró. Òun ní abẹ́ ọkọ̀ lòun wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, tí òun ń pààrọ̀ táyà. Kò sí ẹni tó rí i níbẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá kù sọ́wọ́ aṣọ́bodè, nítorí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ń gbà jáde.

Alákòóso bi aṣọ́bodè pé, "Ṣé o rí dírẹ́bà yìí tó gbé ọkọ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

Aṣọ́bodè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó mi orí pé rárá.

Alákòóso ní, "Ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Gbogbo yàrá ló rí i àfi èmi. Ojú mi wà lórí bọ́tìnnì, mo ṣì ń ṣa ìbéèrè àkọ́kọ́ jọ. Ìbéèrè kejì fò mí dá. Ohun tí mo gbọ́ kò ju "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lọ. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè tó wà níwájú mi, mo sì fi "mo rí i" kún un, kó lè dún bí èsì gidi.

Aṣọ́bodè ń kánjú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó bi mí pé níbo ni kóun fọwọ́ sí, mo fi hàn án. Alákòóso náà fọwọ́ sí i láìwò ó.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ìwé ìdádúró tẹ dírẹ́bà lọ́wọ́.

*

Ó wá bá mi nínú yàrá mi. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ gbágbá.

"Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ìwé yẹn. Wọ́n ní aṣọ́bodè sọ pé òun rí mi. Aṣọ́bodè fúnra rẹ̀ ní òun mi orí pé rárá ni. Ó ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ṣí i. Mo rí i. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo rí i." Ìka méjì mi ló kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti lè tún un ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n mo wo fèrèsé méjèèjì, mo wo orúkọ ipò mi lára ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ohun tó sọ ni mo kọ."

"Ẹ ṣeun, Akọ̀wé," ó ní, ó sì jáde.

Inú ilé àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn láti kó jáde. Láti ojú fèrèsé mi, mo rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, tí àwọn ọmọ ń gbé ìkòkò àti ìwé. Mo fa kọ́tìnnì.

Dírẹ́bà kò dákẹ́ ṣá. Ó kọ ìwé sí Ọ̀gá Àgbà lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ́bodè náà sì kọ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, wọ́n tún ìjókòó pè. Èkejì mi láti yàrá ìtaipù ni wọ́n ní kó wá tẹ̀ ẹ́. Mo ti mọ̀ pé ó bùṣe.

Alákòóso gbé ìwé mi sókè. "Aṣọ́bodè, níbí o ní o rí i. Kí ló dé tó o wá ń yí ọ̀rọ̀ padà?"

"Èmi kẹ̀, sà?" Ó dìde dúró. "Ṣé ẹ kò rántí ni? Mo mi orí pé rárá. Ẹ tún bi mí bóyá ó dá mi lójú. Gbogbo yín lẹ jókòó níbẹ̀. Ṣé kò sí ẹni tó wò mí ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ní, "Òótọ́ ni. Mo rántí. Ó mi orí."

Alákòóso yíjú sí mi. "Akọ̀wé, níbo lo wà nígbà tó ń mi orí?"

"Mo wà níbí, sà."

"Ojú rẹ ńkọ́?"

Ó dìde, ó gbé kíbọ́ọ̀dù síwájú mi, ó sì gbé fáìlì kan lé ọwọ́ mi lórí. "Wojú mi. Tẹ ohun tí mò ń sọ. Orúkọ mi àti iṣẹ́ mi, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo wojú rẹ̀. Ìka mi méjèèjì ń wá ọ̀nà lábẹ́ fáìlì, wọn kò mọ ilé. Nígbà tó ṣí fáìlì kúrò, ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.

"O sọ fún mi pé o lè ṣe é." Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. "Ìwọ lo wá bá mi nínú ọ́fíìsì, tó o ní Ìyá Òjò kò ríran. Ìwọ gan-an lo wá sọ fún mi."

Èkejì mi dáwọ́ ìtaipù dúró. Ó gbé ojú wò mí. Ẹ má bi mí léèrè irú ojú tó fi wò mí.

Alákòóso jókòó, ó bo ojú pẹ̀lú ọwọ́. "Èmi náà fọwọ́ sí i láìkà á," ó ní. "Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

*

Wọ́n dá dírẹ́bà padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n dá ilé rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní òun kò lè padà gbé ibi tí wọ́n ti lé òun lójú gbogbo ayé. Dírẹ́bà nìkan ló ń gbé yàrá mẹ́ta báyìí. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Akọ̀wé," ó sì ń bá táyà tó ń fọ̀ lọ. Èmi kì í tún ṣe akọ̀wé mọ́. Yàrá fáìlì ni wọ́n gbé mi lọ.

Ó gbà mí tó oṣù méjì kí n tó lè lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Òjò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Kí n tó lanu, màmá ti sọ láti inú yàrá pé, "Jẹ́ kó wọlé. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo sunkún. "Màmá, èmi ni. Èmi ni mo sọ fún wọn."

"Ta ló tún kù tó mọ̀?" ó ní. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ nǹkan kan?"

"Mò ń dúró kó o sọ ọ́ fúnra rẹ. Ó pẹ́." Kò sọ pé òun dárí jì mí. Títí dòní, kò tíì sọ ọ́, n kò sì bi í. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà wá, kó bá òun mú tówẹ̀lì.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mò ń lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà. Kò sí ipò tí mò ń wá, kò sì sí kíbọ́ọ̀dù ní yàrá fáìlì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Ìka ọmọńdinrín tí mo ní ó ń ro mí yẹn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọrùn kò dùn mí mọ́. Bí mo bá ń tẹ̀ báyìí, mo lè máa wo ojú màmá, mo sì ti rí ohun tí n kò rí nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án: bó bá ń tẹ́tí, ètè rẹ̀ máa ń mì díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ mọ́ ọ lẹ́nu.

Ìtàn tí ẹ ń kà yìí, abẹ́ tówẹ̀lì yẹn ni mo ti tẹ̀ ẹ́, òun jókòó tì mí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà Alákòóso, ọwọ́ mi dúró. N kò sọ ibi tí mo dé fún un. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìdákẹ́ náà, ó sì na ọwọ́, ó fọwọ́ wá ọ̀nà lórí tábìlì títí ó fi kan èjìká mi.

"Má dúró níbẹ̀, ọmọ," ó ní. "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí."

Mo tẹ̀ ẹ́.